Ọgbà Ilé Wa: Omi Tí Ó Fara Pamọ́ Sínú Ọ̀rá Èhù

Mo ti ṣèlérí nínú ìwé ìròyìn wa tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ adìyẹ ni a óò gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sún ìyẹn síwájú. Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàrin wa níhìn-ín ní Port Harcourt tí n kò fẹ́ kí ó tutù kí n tó kọ ọ́, nítorí pé owó olówó wà nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín lè bá ara yín nínú irú rẹ̀ kí ọyẹ́ mìíràn tó kọjá.

Àlájà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń sin èhù tà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìhà Rumuokoro. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti papò dà, ibẹ̀ ni ó ti ń rí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ tí ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, ó gbin ìbẹ́pẹ sínú 200 ọ̀rá dúdú, kí èhù náà lè tó gbé lọ sóko nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Àwọn oníbàárà ti san àsansílẹ̀ owó lórí èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ. Nítorí pé ọyẹ́ ń bọ̀, tí omi sì ń wọ́n, ó ra àwọn hóró kan lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ohun èlò oko. Ẹni náà fi dá a lójú pé bí ó bá ti pò ó mọ́ ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré ni yóò máa bomi rin èhù rẹ̀. Ohun tí kò sọ fún un ni bí yóò ṣe mọ ìgbà tí omi inú ọ̀rá ti ń tán àti ìgbà tí kò tíì tán. Àlájà wo ojú ilẹ̀ inú ọ̀rá ní ọjọ́ kejì, ó rí i pé ó ti gbẹ táútáú. Ó ní wọ́n tan òun jẹ ni, ó sì padà sí bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́.

Kí oṣù Kìn-ín-ní tó parí, èhù tí ó lé ní 70 ti kú.

“Àbúrò mi, òǹgbẹ ni ó ń pa wọ́n,” ni ó wí fún mi lórí tẹlifóònù. “Bí mo ti ń da omi sí wọn tó, ewé wọn kò yé rọ. Àfi bí ẹni ń da omi sínú ajere.”

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n ya ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá náà wò. Òkè rẹ̀ gbẹ lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oríkèé ìka kan tí ó gbẹ. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Àwọn hóró náà ti wú, wọ́n ń dán gbinrin bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, omi sì ń ṣàn jáde láti àárín wọn. Gbòǹgbò ìbẹ́pẹ tí ó yẹ kí ó funfun ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ń rùn.

“Ìyá wa, ẹ má bínú,” ni mo wí. “Kì í ṣe òǹgbẹ, mà. Omi ni ó pa wọ́n.”

Kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́, n kò sì bá a wí. Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé ojú kan náà ni ohun ọ̀gbìn tí òǹgbẹ ń gbẹ àti èyí tí omi ń pa máa ń ṣe. Gbòǹgbò ń mí bí àwa náà ti ń mí. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní lè ṣiṣẹ́, kò sì ní lè fa omi tí ó yí i ká gòkè. Nígbà náà ni ewé yóò rọ, tí yóò sì pọ́n rúsúrúsú, bí ẹni pé omi kò sí rárá. Ìbẹ́pẹ tilẹ̀ burú jù nínú èyí: bí omi bá rọ́gún sí gbòǹgbò rẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì, ó lè kú pátápátá. Ohun tí Àlájà rò pé oògùn ni, òun gan-an ni àìsàn náà.

Kí wá ni àwọn hóró wọ̀nyí? Àwọn oníṣòwò ń pè wọ́n ní hydrogel. Hóró amómidúró ni n óò máa pè wọ́n níhìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti mú omi dúró. Bí wọ́n bá gbẹ, ẹ lè rò pé ṣúgà onígóró ni. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ní ìlú Peoria ní ìpínlẹ̀ Illinois, ṣe ọ̀kan tí ó gba òkìkí. Láti ara ọgì àgbàdo tí wọ́n so kẹ́míkà mọ́ ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì fún un ní orúkọ àwàdà kan, Super Slurper, nítorí bí ó ti ń fa omi mu. Èyí tí ó pọ̀ lọ́jà lónìí kì í ṣe ti àgbàdo mọ́. Polyacrylamide ni wọ́n ń pè é, láti ara epo rọ̀bì àti gáàsì sì ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá. Ẹ ò rí i pé ohun tí ó sọ Port Harcourt di ìlú olókìkí náà ni ó tún padà wá sínú ọ̀rá ìbẹ́pẹ!

Nínú omi tí ó mọ́ gaara, hóró yìí lè fa omi tí ó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ìwúwo ara rẹ̀. Bí ilẹ̀ tí ó yí i ká bá ń gbẹ, yóò máa dá omi náà padà díẹ̀díẹ̀ fún gbòǹgbò. Iṣẹ́ rere ni, n kò sì kọ ìwé yìí láti bà á lórúkọ jẹ́. Ìlú wa yìí ń gba òjò tí ó ju 2,000 mìlímítà lọ lọ́dọọdún, síbẹ̀ láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ilẹ̀ lè gbẹ kí ọkàn àgbẹ̀ máa já. Ilẹ̀ òkè wa jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn. Bí a bá ti da omi sí i ni ó ń já gba ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń ra omi, tàbí tí ó ń tan jẹnẹrétọ̀ kí ó tó lè fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ, mọ ohun tí mò ń sọ. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun yóò lọ bu ẹrẹ̀ dúdú etí odò, èyí tí àwọn ará ìhín ń pè ní chikoko, láti fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń mú omi dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì gbẹ, kíkan rẹ̀ lè pa èhù.)

Ohun méjì ni kí n yára sọ kí n má baà gbàgbé. Ohun tí ó jọ hóró yìí ni ó wà nínú ìlédìí ọmọdé ìgbàlódé, ṣùgbọ́n sodium, èròjà tí ó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n fi ṣe ti inú ìlédìí, ilẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ. Mo ti rí ẹni tí ó ń ya ìlédìí tuntun tí ó sì ń gbọn inú rẹ̀ sínú ọ̀rá tòmátì. Owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Èkejì ni pé kí ẹ pa hóró amómidúró mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, inú ìfun rẹ̀ ni yóò ti wú. Ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀ràn àgbo.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dé orí ìwọ̀n. Kí a tó wọn omi inú ilẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iye omi tí hóró wa lè gbà, nítorí pé iye tí ó wà lára páálí kì í ṣe iye tí ẹ óò rí nínú ilé yín. Omi tí ó mọ́ ni wọ́n fi dán ti ara páálí wò. Ọ̀pọ̀ omi kànga ẹ̀rọ ní Port Harcourt ní irin nínú, òun ni ó ń sọ ara ike àti aṣọ funfun di aláwọ̀ ìpẹtà. Bí ẹ bá sì súnmọ́ etí odò, bí àwọn tí ń gbé ní Borikiri tàbí Abuloma, iyọ̀ lè wà nínú tiyín. Iyọ̀, irin, ẹfun inú omi àti ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, gbogbo wọn ni ó ń dín agbára hóró náà kù. Hóró kan náà tí ó gba ìlọ́po 300 nínú omi òjò lè má gba 100 nínú omi tí a ti po ajílẹ̀ mọ́.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ wọn gíráàmù 2 hóró gbígbẹ, ẹ dà á sínú lítà kan omi tí ẹ fẹ́ máa lò, ẹ dé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ ẹ láìfún un, kí ẹ sì wọn omi tí ó ṣẹ́kù. Bí ó bá ṣẹ́kù 700 mìlílítà, a jẹ́ pé gíráàmù méjì ti gba 300, èyí túmọ̀ sí ìlọ́po 150. Ẹ fi omi òjò ṣe irú rẹ̀ kí ẹ rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbe omi òjò láti orí páànù, ẹ jẹ́ kí èyí tí ó kọ́kọ́ rọ̀ ṣàn lọ. Láti ìparí ọdún 2016 tí èéfín dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà sórí òrùlé àti ewé ní ìlú yìí, gbogbo wa ni a mọ àwọ̀ omi tí ó kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìka ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wọn ilẹ̀. Àwọn bàbá wa lò ó, kò sì já wọn kulẹ̀, nítorí pé nínú ilẹ̀ lásán, bí òkè bá gbẹ, ìsàlẹ̀ kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Hóró amómidúró ni ó já okùn tí ó wà láàrin òkè àti ìsàlẹ̀. Oòrùn àti ọyẹ́ yóò gbẹ ojú ilẹ̀ láàárọ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn hóró tí ó wà nísàlẹ̀ ṣì yó fún omi bámúbámú. Ìka tí ó fọwọ́ kan òkè yóò jẹ́rìí èké láìmọ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ, irú èyí tí a fi ń gún súyà, sàn jù ú lọ: ẹ kì í bọ inú ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì wo ibi tí ó tutù dé. Ó lè sọ fún yín pé omi wà nísàlẹ̀. Kò lè sọ iye rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àwọn ti ra ẹ̀rọ kékeré onígàgá méjì, èyí tí a ń gún bọ ilẹ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń sún láti “gbẹ” sí “tutù”. Mo ní ọ̀kan. Ẹ̀rọ yìí kò rí omi rárá; bí iná mànàmáná ti ń kọjá nínú ilẹ̀ ni ó ń wò. Iyọ̀ àti ajílẹ̀ ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́, nítorí náà ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da ajílẹ̀ sí yóò jọ èyí tí omi kún inú rẹ̀. Bí ẹnu gàgá bá sì kan hóró tí ó wú, yóò ní ọ̀rá náà kún fún omi. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ tún un gún ní ìwọ̀n ìka kan sí ibẹ̀, tí ó bọ́ sínú àlàfo, yóò ní ilẹ̀ gbẹ. Nínú ọ̀rá kan ṣoṣo tí ó wà níwájú Àlájà, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ mi fún wa. Ó wò mí lójú, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fọkàn tán jù ni tensiometer. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo àmù rí yóò tètè mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé àmù ń làágùn, omi ń gba ara amọ̀ sísun jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá tí omi kún inú rẹ̀ ni tensiometer, amọ̀ sísun sì ni ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò máa fa omi gba ara amọ̀ náà, aago tí ó wà lókè yóò sì fi hàn bí ó ti ń fa á tó. Ìwọ̀n kilopascal ni a fi ń kà á. Òdo túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ti rì sínú omi; láàrin 10 sí 30, ara dẹ ohun ọ̀gbìn; bí ó bá ti ń lọ sí 80, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ní lè ka ohunkóhun mọ́. Ohun tí ó fi dára ni pé kì í ka iye omi tí ó wà. Ó ń ka wàhálà tí gbòǹgbò yóò ṣe kí ó tó rí omi mu, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí èhù ń mọ̀ lára. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rá kékeré tí hóró wà, tí hóró náà ń wú tí ó sì ń sún kì, àlàfo lè wà láàrin ilẹ̀ àti ẹnu amọ̀, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Fún nọ́sìrì ńlá ni mo gbà á níyànjú.

Ní ti yàrá ìwádìí, bí irú èyí tí ó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Rivers ní Nkpolu tàbí Yunifásítì Port Harcourt ní Choba, ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro: wọn yóò wọn ilẹ̀ tútù, wọn yóò yan án nínú ààrò ní ìwọ̀n ooru 105 fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, wọn yóò sì tún un wọ̀n. Ohun tí ó dín kù ni omi. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àfi pé ilẹ̀ tí a ti yan kò ní èhù nínú mọ́. Òun ni ó sì fọ̀nà hàn wá. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó ń dín kù, kí ló dé tí a kò fi wọn odindi ọ̀rá pẹ̀lú èhù inú rẹ̀, láìyan ohunkóhun?

Àwa Mùsùlùmí ni kò yẹ kí wíwọn omi ṣàjèjì sí jù. Ó wà nínú hadíísì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé mudu kan ni omi tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá. Mudu yẹn kì í ṣe mudu ọjà. Ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ ni, mẹ́rin irú rẹ̀ ni a sì fi ń yọ sàká ìtúnu ààwẹ̀. Ẹni tí ó mọ iye omi tí ó tó fún ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní dúró létí èhù pẹ̀lú kẹ́tù kí ó máa dà á bí ọkàn rẹ̀ ti sọ.

Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tí ó lè gbé kílò márùn-ún ti tó. Ẹ yan ọ̀rá mẹ́fà nínú nọ́sìrì yín kí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ìyókù: méjì láti etí tí oòrùn ń pa, méjì láti àárín, méjì láti abẹ́ ògiri. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹ bomi rin wọ́n títí omi yóò fi máa jáde nísàlẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di òwúrọ̀ kí àpọ̀jù omi lè jò tán, kí hóró sì lè mu tirẹ̀ yó. Bí ẹ bá ti kírun Súbúhì tán, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n yíyó nìyẹn.

Ìwọ̀n kejì ṣòro díẹ̀ fún aláàánú. Ẹ ó mú ọ̀rá keje, ẹ ó wọ̀n ọ́n ní yíyó bí ti àwọn yòókù, lẹ́yìn náà ẹ kò ní bomi rin ín mọ́. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Ewé rẹ̀ lè rọ lọ́sàn-án kí ó sì tún nàró nírọ̀lẹ́; ẹ má ka ìyẹn sí. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ewé náà ṣì rọ ní kùtùkùtù, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tètè fún un lómi. Ìwọ̀n òǹgbẹ nìyẹn. Ká ní ìwọ̀n yíyó jẹ́ 2,100 gíráàmù, tí ìwọ̀n òǹgbẹ jẹ́ 1,500. Gíráàmù 600 tí ó wà láàrin wọn ni gbogbo omi tí èhù yẹn lè rí mu nínú ọ̀rá náà, ìbáà jẹ́ èyí tí ó wà nínú hóró tàbí èyí tí ó wà lára iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí ó mu ìdajì rẹ̀. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá ka 1,800, ẹ bomi rin ín, kí ó tó di ìgbà náà, ẹ má fún un ní nǹkan kan, bí ojú ilẹ̀ ti wù kí ó gbẹ tó.

Gíráàmù omi kan ni mìlílítà kan. Nítorí náà bí 300 gíráàmù bá ti lọ, 300 mìlílítà ni ẹ óò dá padà, ẹ kò sì nílò láti máa wo bóyá omi ń jáde nísàlẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́rìí etí bá dé 1,800 ní ọjọ́ mẹ́rin, tí àwọn ti abẹ́ ògiri sì lo ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ ti mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ máa bomi rin gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Èyí nìkan ni ì bá ti gba púpọ̀ nínú èhù Àlájà là, nítorí pé abẹ́ ògiri ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn 70 yẹn wà.

Èhù ń dàgbà, ó sì ń wúwo, nítorí náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ tún ìwọ̀n yíyó ṣe. Ẹ sì fi ọ̀rá méjì tí kò ní hóró rárá sáàárín wọn, kí ẹ máa wọ̀n wọ́n pẹ̀lú. Bí èyí tí kò ní hóró bá ń lo ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó fẹ́ omi, tí èyí tí ó ní hóró ń lo mẹ́fà, ẹ ti mọ ohun tí owó yín rà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ lọ wo omi tí ẹ ń lò àti ajílẹ̀ tí ẹ ń pò mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n hóró fúnra rẹ̀ kò gùn. Gíráàmù kan sí méjì ti tó fún lítà ilẹ̀ kan, kí a sì pò ó dọ́gba kí a tó kó o sínú ọ̀rá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yá ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan ni Àlájà dà sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀, yóò wú, yóò sì gbé èhù jáde kúrò nínú ilẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń tì í láti ìsàlẹ̀. Láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kọkànlá, ẹ má ṣe fi sínú ọ̀rá tí yóò wà níta gbangba ní ìlú yìí. Òjò Port Harcourt kò nílò olùrànlọ́wọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti sanwó. Nínú èhù tí ó kù, bí 40 ni ewé wọn ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì dúró. Ẹnì kan gba Àlájà nímọ̀ràn pé kí ó kó wọn fún àwọn oníbàárà kíákíá kí wọ́n tó ṣubú, pé bí ó bá kú sóko, ta ni yóò mọ̀? Ó bi mí léèrè ohun tí mo rí sí i. Mo ní, “Ìyá wa, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa ní ohun tí à ń pè ní àmáánà.” Kò fèsì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó pe àwọn tí ó sanwó, ó dá owó àwọn kan padà, ó sì bẹ àwọn yòókù kí wọ́n mú sùúrù di oṣù Karùn-ún. Nínú àwọn 40 yẹn, ó dáwọ́ omi dúró, ó ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, 23 sì yọ ewé tuntun. Ó tún ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá ra èhù lọ́wọ́ rẹ̀ pé hóró amómidúró wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe gbìn ín sí ibi tí omi ń rọ́gún sí. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ta èhù máa sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó rà á kò lè fojú rí ohun tí ó wà nínú ọ̀rá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni mo tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé ìdáṣẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àtijọ́ ni ó fi ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, nọ́ńbà 1 sí 6, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n bá òun wá òṣùwọ̀n mìíràn, nítorí pé ti ilé ìdáná ti di ti èhù pátápátá, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò sì rí ohun tí yóò fi wọn ìyẹ̀fun mọ́.